Asọ̀rọ̀mágbèsì tó ń gba èsì: ìtàn ìwé-àṣẹ olùbẹ̀rẹ̀ rédíò, láti àtijọ́ títí dòní

Ìtàn rédíò la gbé wá lónìí, ṣùgbọ́n kì í ṣe ti ilé-iṣẹ́ tó ń ka ìròyìn.

Nígbà tí rédíò kọ́kọ́ dé ilẹ̀ Yorùbá, àwọn baba wa wò ó títí, wọ́n sì sọ ọ́ ní asọ̀rọ̀mágbèsì. Ilé là ń wò kí a tó sọmọ lórúkọ. Wọ́n rí i pé nǹkan yìí ń sọ̀rọ̀ láàárọ̀, ó ń sọ̀rọ̀ lálẹ́, kò sì sí ẹni tó lè dá a lóhùn. Àwa tí a dàgbà ní Àjàṣẹ́ mọ̀ ọ́n bẹ́ẹ̀. Bàbá á yí i sí Kútọnu láti gbọ́ ìròyìn lédè Faransé, á tún yí i sí Ìbàdàn láti gbọ́ Yorùbá tó dùn létí. Bí ìròyìn bá bí i nínú, á jágbe mọ́ rédíò náà. Rédíò ò gbọ́, ọ̀rọ̀ tirẹ̀ ló ń bá lọ.

Ṣùgbọ́n rédíò kan wà tí orúkọ yẹn kò bá mu. Ó ń sọ̀rọ̀, ó sì ń gba èsì. Ẹnì kan lè jókòó sínú yàrá rẹ̀, kí ó ta wáyà láti orí igi mángòrò dé orí òrùlé, kí ó sì bá ẹni tó wà ní Brazil sọ̀rọ̀, láìsí ilé-iṣẹ́ fóònù kankan láàárín wọn, láìsí íntánẹ́ẹ̀tì. Àwọn elédè Faransé ń pe irú ẹni bẹ́ẹ̀ ní radioamateur. Àwa yóò pe iṣẹ́ náà ní rédíò amatọ̀ nínú ọ̀rọ̀ wa yìí. Kì í ṣe iṣẹ́ owó. Ẹni tó ń ṣe é kò gbọ́dọ̀ fi polówó ọjà, kò sì gbọ́dọ̀ fi ṣe ilé-iṣẹ́ rédíò fún ará ìlú. Ó wà fún ẹ̀kọ́, fún dídán ẹ̀rọ wò, fún ọ̀rẹ́ ṣíṣe, àti fún ìrànlọ́wọ́ nígbà ìṣòro.

Ìjọba kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni kàn bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ bó ṣe wù ú. Afẹ́fẹ́ kan náà ni ọkọ̀ òfuurufú, ọkọ̀ ojú omi, ọlọ́pàá àti fóònù wa jọ ń lò. Bí ẹnì kan bá lọ sọ̀rọ̀ lójú ọ̀nà tí kì í ṣe tirẹ̀, ẹ̀mí lè bá a lọ. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń ṣe ìdánwò, tí wọ́n sì ń fún èèyàn ní ìwé-àṣẹ. Ìtàn ìwé-àṣẹ àkọ́kọ́, ìyẹn ti olùbẹ̀rẹ̀, la fẹ́ sọ, nítorí òun ló ń sọ irú ẹni tó máa wọlé àti irú ẹni tó máa dúró síta. Bí ipele àkọ́kọ́ àtẹ̀gùn bá ga jù, kì í ṣe pé ọmọdé kò lẹ́sẹ̀.

BÍ Ó ṢE BẸ̀RẸ̀

Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì wà lára àwọn tó kọ́kọ́ ṣòfin. Ní ọdún 1904 ni wọ́n ṣe òfin rédíò wọn, tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní oṣù kìíní ọdún 1905. Òfin náà fàyè gba ẹni tó bá fẹ́ fi rédíò ṣe àyẹ̀wò ìmọ̀, bó bá ti gba àṣẹ. Ní Amẹ́ríkà, ẹnikẹ́ni ló ń ṣe é bó ṣe wù ú títí di ọdún 1912. Ọdún náà ni ọkọ̀ Titanic rì, lóṣù kẹrin. Ní oṣù kẹjọ ọdún kan náà ni òfin jáde pé ẹni tó bá fẹ́ sọ̀rọ̀ lórí afẹ́fẹ́ gbọ́dọ̀ gba ìwé-àṣẹ. Wọ́n kó àwọn amatọ̀ kúrò lójú ọ̀nà tó dára, wọ́n tì wọ́n sí orí ìgbì kúkúrú, láti mítà 200 wá sísàlẹ̀. Lójú àwọn ọ̀gá ìgbà yẹn, ilẹ̀ tí kò lè hu nǹkan ni.

Àwọn amatọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í ro ilẹ̀ náà, ó sì hu nǹkan. Ní oṣù kọkànlá ọdún 1923, Léon Deloy, ará ìlú Nice ní ilẹ̀ Faransé, bá Fred Schnell sọ̀rọ̀ ní Connecticut ní Amẹ́ríkà, òkun Àtìláńtíìkì sì wà láàárín àwọn méjèèjì. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí amatọ̀ méjì máa fọ̀ sí ara wọn tí wọ́n á sì gba èsì kọjá òkun náà. Ìgbì kúkúrú tí wọ́n ní kò wúlò ló gbé ọ̀rọ̀ wọn. Láti ibẹ̀ ni àwọn ìjọba àti ilé-iṣẹ́ ńlá ti sáré wá síbẹ̀. Orí ìgbì kúkúrú yẹn náà ni BBC gbà dé etí àwọn baba wa.

Ní ọdún 1925, àwọn amatọ̀ oríṣiríṣi orílẹ̀-èdè pàdé ní Paris, wọ́n dá ẹgbẹ́ àgbáyé wọn sílẹ̀, tí wọ́n ń pè ní IARU. Ní ọdún 1927, ìpàdé àwọn ìjọba ní Washington kọ orúkọ amatọ̀ sínú àdéhùn àgbáyé. Láti ìgbà náà ni afẹ́fẹ́ ti ní ibi tí wọ́n yà sọ́tọ̀ fún wọn.

ORÚKỌ TÍ WỌ́N SỌ WÁ

Ẹni tó bá gba ìwé-àṣẹ ń gba orúkọ ìpè. Ó dà bíi nọ́ńbà ara mọ́tò: bí o bá ti gbọ́ ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀, o ti mọ orílẹ̀-èdè tó ti wá. Orúkọ yìí bá ìtàn tiwa rìn.

Ní ọjọ́ 10 oṣù kẹjọ ọdún 1889 ni ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti ilẹ̀ Faransé fọwọ́ sí àdéhùn tó la ilẹ̀ wa sí méjì. Àjàṣẹ́ bọ́ sọ́wọ́ Faransé, Àgbádárìgì sì bọ́ sọ́wọ́ Gẹ̀ẹ́sì. Nígbà tí orúkọ ìpè rédíò dé, ààlà yẹn náà ló tẹ̀ lé. Lábẹ́ Faransé, Dahomey kò ní orúkọ tirẹ̀. FF8 ni wọ́n ń pe gbogbo ilẹ̀ Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà tí Faransé ń ṣàkóso láti Dakar. Ẹni tó bá gbọ́ FF8 lórí afẹ́fẹ́ kò lè ti ibẹ̀ mọ̀ bóyá Sẹ̀nẹ̀gà ló ti ń sọ̀rọ̀ tàbí Àjàṣẹ́. Lábẹ́ Gẹ̀ẹ́sì, ZD2 ni ti Nàìjíríà. Ọmọ bàbá kan náà, ọ̀kan ń jẹ́ FF8, ìkejì ń jẹ́ ZD2.

Òmìnira dé ní ọdún 1960. Dahomey gba tirẹ̀ ní ọjọ́ 1 oṣù kẹjọ, Nàìjíríà gba tirẹ̀ ní ọjọ́ 1 oṣù kẹwàá. Dahomey di TY, Nàìjíríà di 5N, Tógò tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa sì ń jẹ́ 5V. Ní ọjọ́ 30 oṣù kọkànlá ọdún 1975, Dahomey yí orúkọ padà sí Bénin, ṣùgbọ́n TY kò yí padà. Títí di òní, ẹni tó bá gbọ́ TY lórí afẹ́fẹ́, ní Japan o, ní Ọsirélíà o, ó mọ̀ pé ilé wa ni.

NÍGBÀ TÍ MORSE JẸ́ ÒNÍBODÈ

Fún ọ̀pọ̀ ọdún, ohun tó ń dá olùbẹ̀rẹ̀ dúró lẹ́nu ọ̀nà ni Morse. Ẹni tó bá mọ dùndún kò ní ṣòro fún un láti mọ ohun tí Morse jẹ́. Dùndún ń fi ohùn òkè àti ohùn ìsàlẹ̀ sọ̀rọ̀. Morse ń fi ohùn kúkúrú àti ohùn gígùn sọ̀rọ̀. Méjèèjì ń fẹ́ etí tó dá ṣáká. Ní Amẹ́ríkà, kí èèyàn tó gba ìwé-àṣẹ tó gbajúmọ̀, ó gbọ́dọ̀ lè gba ọ̀rọ̀ 13 ní ìṣẹ́jú kan, kí ó sì lè fi ránṣẹ́. Ọ̀pọ̀ ọmọ ilé-ìwé á gbìyànjú, á sì padà sẹ́yìn.

Ní ọdún 1951, ìjọba Amẹ́ríkà gbé ipele kan sílẹ̀ lábẹ́ ti tẹ́lẹ̀, wọ́n pè é ní Novice. Ọ̀rọ̀ 5 péré ní ìṣẹ́jú kan ni wọ́n ń béèrè, ìbéèrè inú ìdánwò sì rọrùn. Agbára ẹ̀rọ kò gbọ́dọ̀ ju wáàtì 75 lọ. Ọdún kan péré ni ìwé náà ń lò, wọn kì í sì í tún un ṣe. Bí ọdún bá yí po, kí o ti gòkè, tàbí kí o padà sílé. Wọ́n ṣílẹ̀kùn fún ọmọdé, wọn ò sì jẹ́ kó sùn sẹ́nu ọ̀nà. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọ̀dọ́ ló gba ibẹ̀ wọlé, ọ̀pọ̀ nínú wọn ló sì di ẹnjiníà lẹ́yìn ọ̀la.

Japan ṣe tirẹ̀ lọ́nà mìíràn. Ní ìparí àwọn ọdún 1950, wọ́n dá ìwé-àṣẹ kan sílẹ̀ tí kò béèrè Morse rárá: ẹnu ni wàá fi sọ̀rọ̀, agbára ẹ̀rọ rẹ á sì kéré. Nígbà tó fi máa di àwọn ọdún 1990, ìwé-àṣẹ ibùdó amatọ̀ ní Japan ti ju mílíọ̀nù kan lọ. Kò sí orílẹ̀-èdè kankan tó tó wọn nígbà náà. Wọn kò fi ipá mú ẹnikẹ́ni. Ipele àkọ́kọ́ ni wọ́n gbé wálẹ̀.

BÍ ILẸ̀KÙN ṢE ṢÍ

Amẹ́ríkà yọ Morse kúrò nínú ìwé-àṣẹ Technician ní ọdún 1991. Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì dá ìwé-àṣẹ Foundation sílẹ̀ ní oṣù kìíní ọdún 2002 fún olùbẹ̀rẹ̀, pẹ̀lú agbára wáàtì 10. Lẹ́yìn náà ni ìpàdé àgbáyé ní Geneva, ní ọdún 2003, pinnu pé kí orílẹ̀-èdè kọ̀ọ̀kan yàn fúnra rẹ̀ bóyá òun ṣì fẹ́ Morse. Ọ̀kọ̀ọ̀kan ni wọ́n ń yọ ọ́ kúrò. Amẹ́ríkà yọ ọ́ pátápátá ní oṣù kejì ọdún 2007.

Lónìí, ìbéèrè 35 ni wọ́n ń bi olùbẹ̀rẹ̀ ní Amẹ́ríkà, bó bá gba 26, ó ti yege. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ìbéèrè 26 ni, ẹni tó bá gba 19 ti wọlé. Láti oṣù kejì ọdún 2024, wọ́n sì ti gbé agbára olùbẹ̀rẹ̀ láti wáàtì 10 sí 25. Àwọn ọmọ wa tó wà ní London àti ní Houston lè ṣe ìdánwò yìí, ọmọ ilé-ìwé pàápàá lè ṣe é.

Ilẹ̀ Faransé, tí ọ̀pọ̀ òfin ọ́fíìsì wa ní Bénin bá jọra, kò gba ọ̀nà kan náà. Ní ọdún 1997 wọ́n dá ìwé-àṣẹ olùbẹ̀rẹ̀ sílẹ̀, orúkọ ìpè àwọn tó gbà á sì ń bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú F0. Ìdánwò òfin nìkan ni wọ́n ń ṣe, ibi tí wọ́n sì ti lè sọ̀rọ̀ kò fẹ̀. Ní ọdún 2012, wọ́n fagi lé e. Láti ìgbà náà, ìwé-ẹ̀rí kan ṣoṣo ló kù níbẹ̀, ìdánwò rẹ̀ sì pín sí méjì: ìbéèrè 20 lórí òfin, ìbéèrè 20 lórí iná mànàmáná àti ẹ̀rọ. Ẹni tí kò bá lè gun ipele yẹn, kò sí ipele mìíràn nísàlẹ̀ rẹ̀. Jámánì, aládùúgbò wọn, ṣe òdìkejì rẹ̀: ní oṣù kẹfà ọdún 2024, wọ́n ṣí ìwé-àṣẹ tuntun tí wọ́n ń pè ní N, tó rọrùn ju èyí tí wọ́n ní tẹ́lẹ̀ lọ. A ò sọ pé ọ̀kan gọ̀, ìkejì gbọ́n. Ohun tí a rí ni pé ẹni tó ń wá ọ̀dọ́ máa ń gbé àtẹ̀gùn wálẹ̀.

ÀWA ŃKỌ́?

Ní Bénin, ARCEP ló ń bójú tó ìgbì afẹ́fẹ́. Ní Nàìjíríà, NCC ni, àwọn amatọ̀ ibẹ̀ sì ní ẹgbẹ́ wọn, NARS. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́ síra wa. Ọ̀pọ̀ ìgbà tí orúkọ TY bá dún lórí afẹ́fẹ́, àlejò ló ń pè é. Àwọn amatọ̀ láti Yúróòpù máa ń gbé ẹ̀rọ wọn wá sí etí òkun wa, wọ́n á gba orúkọ ìpè TY, wọ́n á fi ọ̀sẹ̀ kan tàbí méjì bá ẹgbẹẹgbẹ̀rún èèyàn sọ̀rọ̀ káàkiri ayé, wọ́n á sì kó ẹrù wọn padà. A kì í bínú àlejò. Ṣùgbọ́n orúkọ ilé wa ni, ó sì yẹ kí ọmọ ilé máa jẹ́ ẹ.

Kì í ṣe pé àwọn ọmọ wa kò lọ́gbọ́n. Ẹ lọ sí ọjà Ouando, ẹ wo àwọn ọ̀dọ́ tó ń tú fóònù palẹ̀ tí wọ́n sì ń tò ó padà, pẹ̀lú irin ìjó òjé àti iná tọ́ọ̀ṣì. Ẹ wo àwọn akẹ́kọ̀ọ́ IMSP ní Dangbo tó ń kọ́ ìmọ̀ físíìsì. Ohun tí rédíò amatọ̀ ń béèrè, ìdajì rẹ̀ ti wà lọ́wọ́ wọn. Èyí tó kù ni ipele àkọ́kọ́ tí ó mọ níwọ̀n, àti ẹni tó máa sọ fún wọn pé ó wà.

Ohun kejì ni ààlà. Àdéhùn CEDEAO ti ọdún 1979 jẹ́ kí ọmọ Bénin wọ Nàìjíríà, kí ọmọ Nàìjíríà sì wọ Bénin, láìsí físà, fún ọjọ́ 90. Ṣùgbọ́n amatọ̀ 5N tó bá kọjá Sẹ̀mẹ̀ kò lè kàn ṣí rédíò rẹ̀ kí ó máa sọ̀rọ̀. Ó gbọ́dọ̀ gba àṣẹ Bénin. Ní Yúróòpù, láti ọdún 1985 ni wọ́n ti ní àdéhùn pé ẹni tó ní ìwé-àṣẹ lè lo rédíò rẹ̀ ní orílẹ̀-èdè tó bá fọwọ́ sí i, fún oṣù mẹ́ta. Ní ọdún 2005, wọ́n ṣe irú rẹ̀ fún olùbẹ̀rẹ̀ náà. Oṣù mẹ́ta tiwọn àti ọjọ́ 90 tiwa, kí ni ìyàtọ̀ rẹ̀? Àwa tí a ní ẹbí lódìkejì ni irú àdéhùn bẹ́ẹ̀ yẹ jù.

Ẹnì kan lè béèrè pé: WhatsApp wà, kí la fẹ́ fi rédíò ṣe? Ẹ rántí ọjọ́ 14 oṣù kẹta ọdún 2024. Wáyà íntánẹ́ẹ̀tì mélòó kan já nísàlẹ̀ òkun lápá Côte d’Ivoire, Bénin àti Nàìjíríà sì wà lára àwọn tó jìyà rẹ̀. Ẹ rántí omíyalé ọdún 2010 ní àfonífojì odò Ouémé, nígbà tí omi gba ilé àti oko. Rédíò amatọ̀ kò lè rọ́pò íntánẹ́ẹ̀tì, kò sì lè fi owó ránṣẹ́. Ṣùgbọ́n pẹ̀lú bátìrì mọ́tò kan àti wáyà kan, ó lè sọ pé: “Omi ti dé ibí, èèyàn báyìí ló wà lórí òrùlé, ẹ gbé ọkọ̀ ojú omi wá.” Ẹni tó máa sọ ọ́ gbọ́dọ̀ ti kọ́ ọ kí omi tó dé.

OHUN TÍ A LÈ ṢE

Ẹ̀yin òbí àti ẹ̀yin olùkọ́, ìkìlọ̀ la fi bẹ̀rẹ̀. Àwọn rédíò aláfọwọ́mú olówó pọ́ọ́kú láti Ṣáínà ti wà lọ́jà. Ríra rẹ̀ kì í ṣe ìwé-àṣẹ. Ẹ má jẹ́ kí ọmọ tẹ bọ́tìnì rẹ̀ láti sọ̀rọ̀ kó tó gba àṣẹ. Ó lè dí àwọn aláàbò lọ́wọ́, ó sì lè kó ara rẹ̀ sí wàhálà.

Lẹ́yìn náà, kí wọ́n kọ́ bí a ṣe ń tẹ́tí. Yunifásítì Twente ní ilẹ̀ Netherlands gbé rédíò kan sórí íntánẹ́ẹ̀tì láti ọdún 2008, WebSDR ni wọ́n ń pè é. Fóònù lásán lè ṣí i, kí ọmọ yí i kiri, kí ó sì gbọ́ àwọn amatọ̀ bí wọ́n ṣe ń pe ara wọn. Sátẹ́láìtì kan sì wà lójú ọ̀run tí wọ́n ń pè ní QO-100. Oṣù kọkànlá ọdún 2018 ni wọ́n gbé e lọ. Òun ni àkọ́kọ́ tó gbé ẹ̀rọ amatọ̀ tó sì dúró lójú kan lókè wa, kò ní tòsán, kò ní tòru. Gbogbo Áfíríkà ló wà lábẹ́ rẹ̀. Àwo kékeré bíi ti tẹlifíṣọ̀n tó lè wà lórí òrùlé ní Àjàṣẹ́ tó láti gbọ́ ọ.

Kí àwọn ilé-ìwé wa, bíi Lycée Béhanzin, dá ẹgbẹ́ kékeré sílẹ̀ lábẹ́ olùkọ́ físíìsì. Kí ẹgbẹ́ náà tọ ARCEP lọ, kí wọ́n béèrè ọ̀nà tó wà fún amatọ̀ àti fún olùbẹ̀rẹ̀. Bí èèyàn mẹ́wàá bá jọ lọ, ọ̀rọ̀ wọn á wúwo ju ti ẹnì kan lọ. Àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà. Bí ìdánwò bá sì wà lédè Faransé tàbí lédè Gẹ̀ẹ́sì, kò sí ohun tó ní ká má fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ ní ohun tó wà nínú rẹ̀.

Kékeré la ti ń pẹ̀ka ìrókò. Ẹ̀yin àgbà wa tó ṣiṣẹ́ ní ilé-iṣẹ́ tẹligíráàfù nígbà náà, ẹ̀yin tí etí yín ṣì mọ Morse, ẹ jọ̀wọ́, ẹ pe àwọn ọmọ jókòó kí ẹ tó gbàgbé. Àwọn baba wa sọ rédíò ní asọ̀rọ̀mágbèsì nítorí pé kò sí ọ̀nà tí wọ́n fi lè dá a lóhùn. Àwọn ọmọ wa lè dá a lóhùn báyìí. Ẹ jẹ́ ká bá wọn gba àṣẹ rẹ̀.

Ó dìgbà kan ná. Kí Ọlọ́run ṣọ́ gbogbo wa, nílé àti lódìkejì.